Kí Ló Yẹ Kó Wà Lókè? Ìtàn Iṣẹ́ Irun Mi

Ojú ń tì mí láti kọ èyí. Màmá tó ń ṣètò ìwé ìròyìn kékeré tí ẹgbẹ́ wa máa ń tẹ̀ níbí ní Calgary ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìpàdé. Wọ́n ní àwọn ọmọ tó ń parí high school ń bi àwọn pé iṣẹ́ wo làwọn lè kọ́, àwọn sì fẹ́ kí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì sọ bí iṣẹ́ tiwọn ṣe rí.

Mo ní, "Mà, àgbàlagbà lẹ ń wá. Èmi ò tíì pé ogójì ọdún."

Wọ́n ní, "Ṣé o ṣì ń dirun ni?"

Mo ní rárá.

"O ti fẹ̀yìn tì nìyẹn. Lọ kọ ọ́ wá."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó sídìí rẹ̀. Rónkẹ́ ni orúkọ mi. Irun ni mo dì láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé títí di ìgbà tí ọwọ́ mi ò lè ṣe é mọ́. Ìwé mi ò pọ̀, mi ò parí JSS, torí náà ẹ má retí èdè ńlá lọ́dọ̀ mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tó ń ronú iṣẹ́ kò ju bí mo ṣe kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi sínú ọ̀rọ̀ kí ẹlòmíì lè gbà á. Ó le ju irun dídì fúnra rẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin kékeré kan sì wà tó jẹ́ pé tí mi ò bá rí i ṣe dáadáa, kò ní sẹ́ni tó máa dirun fún un mọ́. Màá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìpẹ́.

Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ṣẹ́, ní Àdátán, lọ́dọ̀ obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Sìdí. Ìyá mi mú mi lọ, àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ díẹ̀, mo sì di ọmọṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù náà kéré. Bẹ́ǹṣì kan wà níbẹ̀, dígí ńlá kan tó ti sán létí, àti àga onírọ́bà mélòó kan. Mo rò pé irun dídì ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi hàn mí. Irun lílà ni. Òòyà onírù ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Iṣẹ́ mi fún ìgbà pípẹ́ kò ju pé kí n la orí oníbàárà sí ọ̀nà ọ̀nà, kí n fi pín-ìn-nì mú ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, kí n sì yẹ̀ kúrò kí àwọn àgbà ọmọṣẹ́ wá dì í.

Àǹtí Sìdí á wá dúró sẹ́yìn mi, á wo orí náà títí.

"Rónkẹ́."

"Ẹ̀n, mà."

"Ọ̀nà tó o là yìí, ṣé ọ̀nà oko ni?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á bú sẹ́rìn-ín. Màá tú u, màá tún un là. Wọ́n máa ń sọ pé bí dídì bá wọ́, oníbàárà nìkan ló máa mọ̀, àmọ́ bí ọ̀nà bá wọ́, gbogbo ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn rẹ̀ nínú ilé ìsìn ló máa rí i.

Ohun méjì wà tí wọn ò fi ṣeré rárá. Àkọ́kọ́ ni pé ọmọṣẹ́ ò gbọdọ̀ bi oníbàárà ní ìbéèrè. Tí ọ̀kan nínú wa bá ṣèèṣì bèèrè pé, "Ṣé ó dùn yín, mà?" Àǹtí Sìdí á fèsì láti ìdí kẹ́tùlù pé, "Ọwọ́ rẹ ni mo gbà síṣẹ́, mi ò gba ẹnu rẹ." Èrò wọn ni pé ìka tó mọṣẹ́ máa mọ ibi tó ń dun èèyàn kó tó sọ. Ìkejì ni ètò. Iwájú la ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí iwájú ni oníbàárà ń rí nínú dígí. Tí iwájú bá ti dáa, ó máa fọkàn balẹ̀, á tiẹ̀ sùn. Lẹ́yìn iwájú, ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀gbẹ́, àárín. Lẹ́yìn náà, ìpàkọ́. Etí ló máa ń kẹ́yìn, torí ibẹ̀ ló máa ń dun èèyàn jù. Wọ́n máa ń ní ká kà á sókè bí ọmọ ilé kéwú tó ń ka wáláà. Títí di òní, tí ẹ bá jí mi lójú oorun, màá kà á fún yín: fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ, pa á lóróró, là á, iwájú, ẹ̀gbẹ́, àárín, ìpàkọ́, etí.

Wọ́n le, àmọ́ wọn kì í ṣe òǹrorò. Nígbà ọyẹ́ tí ìka wa bá là, àwọn fúnra wọn ló ń fi òrí pa á fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí mo ṣe freedom, wọ́n fún mi ní òòyà onírù tiwọn, èyí tí eyín rẹ̀ kan ti kán. Mo gbé e dé Calgary. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ọkọ mi ló ti wà níbí ṣáájú. PR mi, ìwé ìgbélùú, jáde, mo bá a nígbà òtútù, snow bo gbogbo ilẹ̀. Ilé tá a háyà ní Marlborough ní basement, yàrá abẹ́ ilẹ̀. Kò pẹ́ tí arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fi mọ̀ pé mo lè dirun. Ó sọ fún èkejì, èkejì sọ fún ẹ̀kẹta, bí àga mẹ́ta ṣe dé inú basement wa nìyẹn. Àwọn kan ń wọ train wá, àwọn kan ń wa mọ́tò láti Skyview Ranch. Obìnrin kan tiẹ̀ ń wá láti McKenzie Towne lọ́hùn-ún, ó máa ń gbé oúnjẹ dání bí ẹni tó ń rìnrìn àjò.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Ní Abẹ́òkúta, iná la fi ń jó ẹnu attachment kó má bàa tú, gbogbo ìka wa ló lápàá. Níbí, omi gbígbóná ni, inú ife ńlá la ti ń rì í. Òwú dúdú tí mo mọ̀ ọ́n fi kó irun dáadáa, ọdún kan máa ń yí po kí ẹnì kan tó bèèrè rẹ̀. Gel dé, attachment tí wọ́n ti fà sílẹ̀ látilẹ̀ dé, àwọn oníbàárà sì ń fi fọ́tò hàn mí dípò kí wọ́n dárúkọ irun. Àmọ́ ohun tó yí iṣẹ́ mi padà jù ni afẹ́fẹ́ ìlú yìí. Ó gbẹ. Irun tó ń rọ̀ ní Abẹ́òkúta máa ń ṣẹ́ bí igi gbígbẹ níbí. Nígbà tí chinook, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó máa ń já lu òtútù, bá ń fẹ́, tí snow ń yọ́ láàárọ̀, àwọn oníbàárà mi kan wà tí orí máa ń fọ́, tí mi ò gbọdọ̀ fa irun wọn le lọ́jọ́ náà. Orí kọ̀ọ̀kan wá ní òfin tirẹ̀.

Ìtìjú ló sọ mí di ẹni tó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Bí mo bá fi tipátipá bi oníbàárà ní nǹkan lẹ́ẹ̀kan, mi ò lè bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ó dà bíi pé Àǹtí Sìdí wà lẹ́yìn mi. Torí náà, tí oníbàárà bá ti lọ, màá gbé fóònù, màá kọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa orí rẹ̀ síbi tí wọ́n ń kọ note sí. Ibẹ̀ ò ní àwọ̀, kò sí pé lẹ́tà kan tóbi ju èkejì lọ, ọ̀rọ̀ lásán ni. Orúkọ rẹ̀ máa wà lókè, lábẹ́ rẹ̀, ìlà kan, ìlà kan, ìlà kan, dáàṣì kékeré níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe kọ́ ọ ní Àdátán ni mo ṣe tò ó, láti fífọ̀ títí dé etí. Mi ò mọ̀ pé ọ̀nà míì wà.

Tèmídire ni ọmọbìnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Tèmi là ń pè é. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ mú un wá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká eyín iwájú. Etí rẹ̀ ò gbọ́ràn láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, àmọ́ wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lábẹ́ awọ orí rẹ̀ lẹ́yìn etí òsì, èkejì tó rí roboto wà níta. Mágínẹ́ẹ̀tì ló fi ń lẹ̀ mọ́ orí. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Tó bá bọ́, kò gbọ́ nǹkan kan.

Ìyá rẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ IT, sọ fún mi pé ibi tí àwọn ti lọ ṣáájú, wọ́n máa ń di irun nípọn lé ibẹ̀ lórí, ẹ̀rọ ò sì ní lẹ̀ mọ́. Bí àwọn ṣe gé irun ọmọ náà mọ́lẹ̀ nìyẹn. Tèmi wá ń sunkún nílé pé òun fẹ́ irun gígùn bíi ti àwọn ọ̀rẹ́ òun.

Mo fọwọ́ tẹ ibẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò fẹ̀ ju toonie, owó ẹyọ dọ́là méjì, lọ. Mo di irun ara rẹ̀ pẹlẹbẹ níbẹ̀ láìfi attachment kún un, mo wá di síngù yí i ká kó lè dà bò ó. Nígbà tí a parí, ọmọ náà fi ẹ̀rọ rẹ̀ sí i, ó lẹ̀ típẹ́. Ó mi orí lọ, ó mi orí bọ̀, gbogbo irun ń lù ú lójú. Ìyá rẹ̀ yíjú sí ògiri kí n má bàa rí i pé ó ń sunkún. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́lòmíì tó fọwọ́ kan orí Tèmi bí kò ṣe èmi.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń ta mí bí abẹ́rẹ́, ó wá ń kú tipiri. Òòyà á bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò ní mọ̀ àfi tó bá dún nílẹ̀. Dókítà ní kí n fi irun dídì sílẹ̀ kí òtútù tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo lè má lè fi ọwọ́ ọ̀tún mú ṣíbí mọ́. Mo padà sílé, mo jókòó sórí ọ̀kan nínú àga mẹ́ta yẹn. Tèmi ni mo ń rò. Ìyá rẹ̀ ò ní gbé e fún ẹni tí kò mọ̀. Wọ́n máa padà gé irun náà mọ́lẹ̀ ni.

Bùsọ́lá la rí tó máa gba iṣẹ́ náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkó, ó ti kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ dójú ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí basement kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, ọkọ mi bèèrè lókè pé ṣé a ti tan tẹlifíṣọ̀n ni. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló fi yàtọ̀ sí mi: ìpàkọ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Kí ló dé tí o fi ń bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn?"

"Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ lọ̀gá mi ṣe kọ́ wa. Ẹ̀yìn ọrùn àti etí ló máa ń dùn wọ́n jù. Ẹ jẹ́ ká ṣe é kúrò ńlẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ní sùúrù. Tó bá fi máa kan iwájú, na enjoyment remain."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kálukú àti ọ̀gá tó kọ́ ọ. Mi ò rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fi gbogbo note mi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀. Inú mi dùn sí wọn. Mi ò fi nǹkan kan pamọ́, gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa orí kọ̀ọ̀kan ló wà níbẹ̀.

Sátidé kan, ilé ìwòsàn ní kí n wá nítorí ọwọ́ mi. Tèmi sì ń bọ̀ lọ́jọ́ yẹn, torí ọjọ́ kejì ni Children's Sunday. Àwọn ọmọ máa tò síwájú, pásítọ̀ á máa bi wọ́n ní ìbéèrè inú Bíbélì, wọ́n á máa dáhùn. Tèmi ti ń kọ́ ọ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé Bùsọ́lá ló máa ṣe é, pé gbogbo nǹkan wà ní kíkọ. Ó wojú mi díẹ̀, ó ní, "Tí ẹ bá ti ní ó dáa, Àǹtí Rónkẹ́, ó dáa." Ó fi ọmọ sílẹ̀, ó gba mall lọ. Èmi wọ train.

Nígbà tí mo fi dé, irun ti ń parí. Ó dára, mi ò purọ́. Ó dọ́gba, ó ń dán, ọ̀nà orí rẹ̀ tọ́ bí ìgbà tí wọ́n fi rúlà fà á. Ìyá Tèmi náà ti dé. Tèmi bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó mú ẹ̀rọ rẹ̀ nínú páálí kékeré tó máa ń tọ́jú rẹ̀ sí tí a bá ń dirun fún un. Ó gbé e sẹ́yìn etí. Ó jábọ́. Ó tún gbé e, ó tún jábọ́.

"Mommy, it won't stick."

Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀, ó gbìyànjú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Irun síngù tó nípọn dáadáa ló wà níbẹ̀ gbirigbiri.

"It won't stick, Mommy. I won't hear Pastor."

Kò gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ fi dá a lóhùn. Ìyẹn ló dùn mí jù, bó ṣe ń wo ẹnu ìyá rẹ̀.

Bùsọ́lá dúró bí igi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo kà á. Mo fi Ọlọ́run búra, mo ń kà á bí mo ṣe ń ṣe é."

Ìyá Tèmi dìde, ohùn rẹ̀ ò sì ga. "Àǹtí Rónkẹ́, ẹ ní ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

"Mo kọ ọ́, mà."

"Níbo?"

Bùsọ́lá na fóònù sí i. Ìyá Tèmi ń fi ìka tì í sókè: fífọ̀, òróró, irú attachment, iwájú, bó ṣe máa ń mi orí, irú bisikíìtì tó fẹ́ràn, ẹ̀gbẹ́, àárín, ìpàkọ́. Ìlà kan dọ́gba pẹ̀lú èkejì. Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ló kà á jáde pé: "Etí òsì, má fi attachment síbẹ̀, dì í pẹlẹbẹ, ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀."

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ Bùsọ́lá ti bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn. Ìpàkọ́ àti etí ló kọ́kọ́ dì. Ó ń ka note mi láti òkè wá bí ó ti ń ṣiṣẹ́ lọ, nígbà tó sì fi máa dé ìlà tó sọ̀rọ̀ nípa etí, etí ti parí tipẹ́. Tèmi ò sọ fún un, torí kò gbọ́ nǹkan kan láìsí ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì rò pé gbogbo wa la mọ̀. Bùsọ́lá náà ò bèèrè, torí bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní Abẹ́òkúta ni wọ́n kọ́ òun náà ní Èkó: ọmọṣẹ́ kì í bi oníbàárà.

Bùsọ́lá bú sẹ́kún, ẹkún gidi. A jókòó, èmi lápá kan, òun lápá kejì, a ń tú ibẹ̀. Ìka mi ò mọ ohun tó ń mú, síbẹ̀ mo ń tú u. Ó dun ọmọ náà, omi ń jáde lójú rẹ̀, kò sì pariwo. A tún un dì pẹlẹbẹ, ẹ̀rọ lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́, ó wọ bàtà òtútù fún ọmọ rẹ̀, ó sì lọ. Kò bínú sí wa lójú. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Tèmi dáhùn ìbéèrè tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo wà níbẹ̀, mo sì pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò rí ìpè ìyá rẹ̀ mọ́.

Bùsọ́lá ní òun máa wá iṣẹ́ míì, bóyá daycare. Mo ní kó jókòó.

Mo pinnu pé títò ló fa gbogbo ẹ̀. Mo wá ya ohun gbogbo sọ́tọ̀. Mo fún gbogbo nǹkan ní àkọlé tirẹ̀ ní lẹ́tà ńlá: ÒRÓRÓ, FÍFỌ̀, GEL, ETÍ, ORÍ FÍFỌ́, OÚNJẸ. Orí ẹnì kan ṣoṣo lè ní àkọlé tó gùn bí òpópónà. Inú mi dùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Obìnrin McKenzie Towne wá dé. Bùsọ́lá ṣí note rẹ̀, ÒRÓRÓ ló kọ́kọ́ rí, ó sì fi òróró kun irun náà dáadáa kó tó wá rí FÍFỌ̀ nísàlẹ̀. Ó fọ̀ ọ́ díẹ̀, òróró ò kúrò tán, ó dì í bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejì, obìnrin náà pè mí láti inú train, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ dáadáa. Síngù kan ti yọ̀ kúrò lórí rẹ̀, ó bọ́ sí itan ọkùnrin tó jókòó tì í. Ó ní ọkùnrin náà fò dìde, ó rò pé ejò ni.

Nígbà tí a rẹ́rìn-ín tán, Bùsọ́lá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ti àkọ́kọ́, ẹ di gbogbo ẹ̀ pọ̀ láì là á. Tuntun yìí ńkọ́, ẹ kàn ń là á ṣáá ni, ẹ ò di nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ohun tí Àǹtí Sìdí fi gbogbo ìgbà yẹn kọ́ mi nìyẹn, mi ò kàn mọ̀ pé ó kan ìwé kíkọ náà. Ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ ń là. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan dá dúró, èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ níbi tó bá wù ú, iwájú tàbí ìpàkọ́. Nínú ọ̀nà kan ṣoṣo ni wàá wá dì í, níbẹ̀, kò sí pé ó wù mí: ìdí irun la ti ń dì í lọ sí ẹnu rẹ̀.

Bí a ṣe tún gbogbo rẹ̀ ṣe nìyẹn, àwa méjèèjì, lórí bẹ́ǹṣì inú basement. Fún ìlà kọ̀ọ̀kan, Bùsọ́lá á bèèrè pé, "Tí mo bá kọ́kọ́ ṣe èyí ńkọ́, ṣé ó máa bàjẹ́?" Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a ó tò ó ní ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Fífọ̀ ṣáájú òróró, òróró ṣáájú lílà, ìyẹn ò ṣeé yí. Tí mo bá ní rárá, tó jẹ́ ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ níbikíbi tó bá ti bẹ̀rẹ̀, bí etí Tèmi, bí orí tó ń fọ́ nígbà chinook, a ó fún un ní àkọlé, a ó sì gbé e sókè, kí ọwọ́ tó kan orí. Àkọlé ò gbọdọ̀ pọ̀. Tó bá ti ju bí orí èèyàn ṣe gba ọ̀nà lọ, ó ti di ọ̀nà oko.

Mo wá fi ìgboyà tí mi ò mọ̀ pé mo ní tẹ Ìyá Tèmi láago. Mo sọ ibi tí àṣìṣe ti wọlé fún un, mo sì ka note tuntun sí i létí. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní níbi iṣẹ́ àwọn, tí ọ̀rọ̀ bá wà lásán bẹ́ẹ̀, àwọn máa ń fi àmì # síwájú àkọlé kí ojú lè tètè rí i. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀. Mo rò pé ó tán nìyẹn.

Ó ní, "Tèmi ti ń bèèrè yín tipẹ́. Èmi ni mi ò tíì lè gbé e wá. Ó ní Àǹtí Bùsọ́lá lòun fẹ́."

"Bùsọ́lá? Kí ló dé?"

Mo gbọ́ ohùn ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀: "Because she cried more than me."

Wọ́n wá ní Sátidé kan tí snow ti ń yọ́ lórí òrùlé. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo ti fi lélẹ̀ pé màá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn basement, mo gbé ọwọ́ lé itan. Bùsọ́lá ṣí fóònù, ó gbé e ti dígí. Mo rí ohun tó wà lókè láti ibi tí mo wà:

# ETÍ ÒSÌ

Ó fi ìka kan ibẹ̀ lórí ọmọ náà. Lẹ́yìn náà, ó ṣe ohun tí Àǹtí Sìdí ò ní gbà láéláé. Kí Tèmi tó yọ ẹ̀rọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ní, "Tèmi, show me. Ṣé ibí nìyí?"

Tèmi mú ìka rẹ̀, ó sún un sókè díẹ̀. "Here."

Ìpàkọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Nígbà tó parí, ọmọ náà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí i. Ó lẹ̀ típẹ́. Ó mi orí lọ, ó mi orí bọ̀. Ìyá rẹ̀ ò yíjú sí ògiri lọ́tẹ̀ yìí. Ó bi Bùsọ́lá pé ìgbà wo làwọn tún lè padà wá.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń wá iṣẹ́, ẹ kọ́ èyí tó bá wù yín. Ọwọ́ yín máa rẹ̀ lọ́jọ́ kan, torí náà ẹ tètè máa kọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa bi ara yín pé ta ló máa kà á, ibo lòun sì máa ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, Bùsọ́lá gbá ilẹ̀. Ó wá fọwọ́ lu àga àárín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá jókòó. Ta ló ń dirun yín gan-an?"

Kò sẹ́ni kankan. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, èmi ni mò ń fọwọ́ ara mi dì í, mo sì ń fi gèlè bo ibi tí ọwọ́ mi ò dé. Mo jókòó. Ó ṣí fóònù, ó wá orúkọ mi títí, kò rí i.

Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ti gbogbo ayé. Ó dáa, ẹ sọ fún mi. Kí ni mo máa fi sókè?"

Mo ní, "Kọ ọ́ pé: kì í sọ̀rọ̀ tó bá ń dùn ún. Bi í."

Ó kọ ọ́. Ó mú òòyà onírù, mo sì gbọ́ ọ lẹ́yìn etí mi, jẹ́jẹ́, níbi tí Àǹtí Sìdí máa ń ní ká fi ṣe ìkẹyìn.

Bùsọ́lá ní, "Ṣé ó dùn yín?"

Mo ní, "Díẹ̀."